Lẹ́tà sí Títí: Má jẹ́ kí wọ́n yọ IT fún ọ

Maryland, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, 2025

Títí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Mo rí ìwé ìgbaniwọlé tí o fi ránṣẹ́, mo sì jó nínú kíṣìnì títí ọbẹ̀ fi jóná. Ọ̀rọ̀ aṣọ òtútù á dúró ná. Ti IT yẹn, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ àárín ẹ̀kọ́, ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí o ní wọ́n ń retí èsì rẹ kí oṣù yìí tó parí.

O ní ilé ìwé sọ pé ọdún mẹ́fà tí o ti lò ní Sẹkitéríàtì Agodi ti tó, pé tí o bá fẹ́, o lè má ṣe IT rárá. Jọ̀ọ́, má gbà.

Internship ni wọ́n ń pè é níbí. Láàárín ọdún kìíní àti ìkejì MPP, ìyẹn másítà ìlànà ìjọba tí o fẹ́ wá ṣe, nígbà ooru, wàá lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlú. Wákàtí 400 ni tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko. Kò dà bí ìgbà tí a jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí wọ́n kàn pín wa lọ Kàtsínà o. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá a, bí ìgbà tí à ń gbé lẹ́tà SIWES kiri Dùgbẹ̀ nínú oòrùn. Àmọ́ kò sí logbook tí èèyàn á fi òru ọjọ́ kan kọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Físà ló jẹ́ kí n máa pariwo. Àwa tá a wá pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ò lè ṣàdédé lọ ṣiṣẹ́ níta ọgbà. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ CPT. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ló ń fún wa, á wà lára I-20 rẹ, ìwé tí ilé ìwé fi ń gba físà fún wa, pẹ̀lú orúkọ ibi iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ní iṣẹ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ. Tí ilé ìwé bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé IT ò kàn ọ́ mọ́, kí lo máa dì mú lọ bá wọn? Àwọn kan ń ti ipasẹ̀ kọ́ọ̀sì àyànfẹ́ rí CPT gbà, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wàá fi ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kí o wá máa wá fèrèsé? O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún ẹ̀kọ́ kan, nítorí náà ooru 2026 ni tìrẹ. Tí ẹnì kan bá sì ní CPT á jẹ OPT rẹ, ìyẹn àṣẹ iṣẹ́ ọdún kan lẹ́yìn ìwé, má dá a lóhùn. Àfi tí CPT alákòókò kíkún bá pé oṣù 12 ló tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ò mọ ọ̀kan nínú èyí nígbà tí mo dé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, torí Washington ò jìnnà sí wa. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí: ọmọ Amẹ́ríkà nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀, kaunti (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) àti àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ni kí o wò. Kí o tètè bẹ̀rẹ̀, torí èrò á pọ̀ níbẹ̀: ní oṣù Kejì yìí ni Ààrẹ Trump pa ètò PMF rẹ́, èyí tí Carter dá sílẹ̀ ní 1977, tí àwọn tó gba másítà fi ń wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń ya lọ sí kaunti báyìí.

Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í sanwó. White House gan-an, 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Èmi tún sanwó kọ́ọ̀sì fún ilé ìwé kí n tó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀ka bọ́ọ̀sì ní kaunti kan ló gbà mí níkẹyìn. Wọ́n ní kí n ka ẹ̀sùn àwọn èrò ọkọ̀, kí n kọ mémò ojú ewé méjì. O ṣáà mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé: "I am directed to", lẹ́yìn náà ìtàn ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, fáìlì á wá máa ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni mo kọ. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, fi bírò fagi lé méje, ó ní: "Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Èló ló máa ná wọn? Ta ni inú máa bí?"

Títí, ọdún márùn-ún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un kọ. Wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọn ò gbà á, wọ́n ní owó ò sí. Síbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé.

Kọ èsì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o fi hàn mí kí o tó fi ránṣẹ́. Tí o bá ń bọ̀, bá mi gbé èlùbọ́ díẹ̀ dání. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́