Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Má Sọ Fún Mi Mọ́ Pé Kí N Fo Orin

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà rísíìtì mi, ọjọ́ tí ẹ wá so receiver (ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fíìmù fún àwọn sípíkà) tí mo rà lọ́wọ́ yín àti gbogbo ìpè mi wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní tún wọn kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ti sọ pé oníṣẹ́ yín á dé láàárín wákàtí 48. Kò sẹ́ni tó dé. Lẹ́yìn ìgbà kejì, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ ti yanjú ẹ̀sùn mi. Ta ló yanjú rẹ̀? Ta ló wọ ilé mi?

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín sọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì ló mú mi kọ èyí. Mo ń ṣàlàyé fún un pé nínú The Rose of Versailles, fíìmù kàtúùnù Jàpáánù tí orin pọ̀ nínú rẹ̀, bí orin bá ti wọlé, ohun èlò ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń kọrin ò jáde. Ìró rẹ̀ tó ń padà nìkan ló ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, bí ẹni ń kọrin ní yàrá kejì tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó dá mi lóhùn pé: “Ṣebí èdè Jàpáánù ni, ṣebí ẹ ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ohùn ṣe? Ẹ fo orin náà, kàtúùnù ọmọdé ni.” Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ó ti ń pè mí ní “ìwọ” kó tó já fóònù mọ́ mi létí.

Kí n fo orin! Máńgà (ìwé ìtàn alâwòrán ti Jàpáánù) tí Riyoko Ikeda kọ, tó jáde ní 1972 sí 1973 ni wọ́n fi ṣe fíìmù yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n ní 1979, apá 40 ló gbà. Fíìmù 2025 yìí kò ju ìṣẹ́jú 113 lọ. Níbo ni wọ́n kó ìyókù sí? Inú orin ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin kan dé òpin rẹ̀, ọdún ti yí lójú àwòrán: Marie Antoinette tó kúrò ní Austria lọ́mọ ọdún 14 ti di ayaba ilẹ̀ Faransé, ọkàn rẹ̀ ti fà sí Fersen, ọmọ ọlọ́lá ará Sweden, ebi sì ti ń pa Paris. Àwọn òṣèré tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà ló fúnra wọn kọrin. Ohùn tí Oscar, obìnrin ọ̀gágun inú ìtàn náà, fi ń pàṣẹ fún ọmọ ogun yàtọ̀ sí èyí tó fi ń kọrin nígbà tó bá dá wà. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ ò lè sọ ìyẹn fún mi. Ẹni tó bá fo orin ti fo ìtàn náà. Ìtàn tó sì parí síbi ìbọn Bastille, ẹ̀wọ̀n Paris tí àwọn ará ìlú kọlù ní 1789, ọmọdé wo ló ni ín?

Ẹ tún ní fíìmù ló níṣòro. Rárá o. Nínú ohùn 5.1 (sípíkà márùn-ún àti ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀), sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohùn akọrin sábà máa ń gbà jáde. Mo tẹ test tone, ìró tí receiver fi ń dán sípíkà wò lọ́kọ̀ọ̀kan: òsì dún, àárín dákẹ́, ọ̀tún dún, ẹ̀yìn méjèèjì dún. Mo pa receiver, mo yọ sípíkà àárín, mo fi wọ ojú òsì, ihò tí waya sípíkà òsì ń wọ̀ lẹ́yìn receiver, ó dún ketekete. Mo gbé ti òsì wá sójú àárín, ó dákẹ́. Sípíkà ò bàjẹ́, waya ò já. Ojú àárín lẹ́yìn receiver ló ti kú, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ní kí n pa á kí n tún un tàn tó, kò ní jí.

Bí mo bá yí Center sí None nínú ètò receiver, ìyẹn ni pé kò sí sípíkà àárín, receiver á pín ohùn náà sí òsì àti ọ̀tún, orin á sì padà. Ṣé fíìmù ló wá bàjẹ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí àárín gan-an nìkan ló ń gbádùn rẹ̀. Fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni ohùn á fì sí. Owó sípíkà márùn-ún ni mo san. Ìròyìn ni oníṣẹ́ yín fi dán an wò lọ́jọ́ tó so ó, ìròyìn yẹn kò sì ju ohùn méjì lọ, òsì àti ọ̀tún, kò lo ojú àárín rárá. Ìdí nìyẹn tó fi sọ pé gbogbo rẹ̀ pé.

Receiver tuntun ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ àtúnṣe. Kí ẹni tó máa so ó tẹ test tone níṣojú mi, kí a jọ gbọ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó lọ. Mo sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yẹn tọrọ àforíjì lórí ìwé. Bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ bá lù tí ẹ ò dé, gbogbo owó mi ni kẹ́ ẹ dá padà. Bí ẹ ò bá sì dá a padà, mo ti to àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yín jọ, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ni mò ń kó wọn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.