Sí Ẹ̀yin Ọmọ Eléré Idà, Láti Ìdí Tábìlì Tí Mo Ti Ń Yẹ Idà Yín Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ojú mi tí kò mọ orúkọ mi. Èmi ni bàbá onígíláàsì tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdíje, tí ẹ máa ń tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ ó sì máa wò mí bíi pé kí n yára. Èmi ni mo máa ń gbé irin òṣùwọ̀n gíráàmù 750 lé ẹnu épée yín, ìyẹn irú idà tí ẹ fi ń jà. Màá tẹ ẹnu idà náà wọlé, iná á tàn. Bí sípíríǹgì inú rẹ̀ bá lágbára tó láti ti irin náà padà sókè, iná á kú, màá sàmì sí idà yín, ẹ ó sì gbà á lọ́wọ́ mi láì tiẹ̀ dúpẹ́. Bí kò bá lè tì í, ẹ ó wò mí bíi pé èmi ni mo ba idà náà jẹ́. Kò burú. Iṣẹ́ àgbà ni.

Níbi tí mo máa ń jókòó sí yẹn, n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìjà wò. Àmọ́ mo máa ń rí yín kí ẹ tó jà, mo sì máa ń rí yín lẹ́yìn tí ẹ bá jà tán, nítorí pé ẹ̀yìn mi gan-an ni bẹ́ǹṣì tí àwọn tó bá fẹ́ sunkún máa ń sá wá jókòó sí wà. Ohun tí mo rí lórí bẹ́ǹṣì yẹn níbi ìdíje tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ dé. Kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Bó ṣe wọlé ló la ìbòjú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbé ìbòjú náà nílẹ̀, mo fi irin onímú tí a fi ń dán ìbòjú wò tẹ àwọ̀n iwájú rẹ̀. Ihò àwọ̀n fẹ̀ lábẹ́ irin. Ìbòjú tí mo fọwọ́ sí láàárọ̀ ni o! Ó wá di ẹni tó ń tọrọ ìbòjú kiri kó tó lè ja ìjà tó kù. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun pàdánù ìjà méjì. Mo ní àmì mélòó sí mélòó? Ó ní ọ̀kan jẹ́ 5 sí 0, èkejì 5 sí 1. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi: “Bàbá, nígbà tí wọ́n ti gba méjì lára mi, mo mọ̀ pé mi ò lè borí mọ́, ni mo bá fi í sílẹ̀ fún wọn.”

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan náà fi dé. Tirẹ̀ kò lariwo nínú. Ó jókòó, ó tú wáyà ara rẹ̀, èyí tó ń so idà mọ́ ẹ̀rọ iná, ó ká a dáadáa sínú àpò, ẹ̀yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òun náà pàdánù ìjà méjì, 5 sí 4 àti 5 sí 3.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ yín kò mọ bí wọ́n ṣe ń to orúkọ lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ tí a ń pè ní pool. Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ló wà nínú pool tí àwọn ọmọ méjèèjì yìí wà, ìyẹn ni pé oníkálukú wọn ja ìjà márùn-ún. Àmì 5 ló ń parí ìjà kọ̀ọ̀kan, tàbí ìṣẹ́jú 3. Àwọn méjèèjì borí mẹ́ta, wọ́n pàdánù méjì. Nínú mẹ́ta tí wọ́n borí, oníkálukú gba àmì 15, wọ́n sì gba àmì 6 lára rẹ̀. Títí débẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ wá fi ìjà tí wọ́n pàdánù kún un. Ọmọkùnrin yẹn gba 16, wọ́n gba 16 lára rẹ̀. Òfo ló kù. Ọmọbìnrin yẹn gba 22, wọ́n gba 16 lára rẹ̀. Ó fi 6 lé. Bí ìjà tí ẹni méjì borí bá dọ́gba, àlàfo yìí ni wọ́n ń wò láti mọ ẹni tó máa wà lókè. Ní ìpele tó sì tẹ̀ lé e, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù ti ń lọ sílé nìyẹn, ẹni òkè ni wọ́n ń so mọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pàdánù ìjà kankan látàárọ̀. Ẹ ti mọ bó ṣe parí. Ọmọbìnrin náà rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jà, ó borí, ó tún borí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kúrò.

Ìpàdánù ju ìpàdánù lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmì mẹ́rin tí ẹ gbà nínú ìjà tí ẹ pàdánù, wọn ò dà á nù. Ó wà nínú ìwé, ó ń dúró dè yín. Ọmọ tó fi ìjà sílẹ̀ ní 2 sí 0 rò pé ìjà kan ṣoṣo lòun fi sílẹ̀. Kò mọ̀ pé èyí tó ń bọ̀ lọ́sàn-án lòun ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù láàárọ̀.

Ẹnì kan á ní ìṣirò lásán ni bàbá yìí ń ṣe. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Park Sang-young fún yín. Rio ni, lọ́dún 2016, níbi àṣekágbá épée àwọn ọkùnrin ní Olympics. Ọmọ ogún ọdún ni, ọmọ South Korea. Géza Imre ará Hungary tó ń bá a jà jẹ́ ẹni ọdún 41, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ idà. Imre ti gba 14, Park ní 10, àmì 15 ló sì máa parí rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ja épée, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Nínú épée, bí ẹni méjèèjì bá gún ara wọn láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá kan, iná méjèèjì á tàn, àwọn méjèèjì á sì gba àmì. Nítorí náà, Imre kò tiẹ̀ nílò kó gún un lóun nìkan. Kí iná méjèèjì ṣáà tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti parí. Park ní láti gún un lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n má sì gún òun rárá. Ó sì ṣe é. 15 sí 14. Nígbà ìsinmi ṣáájú ìyẹn, wọ́n rí i lórí ìjókòó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé òun lè ṣe é.

Èrò tèmi, bí ẹ bá bi mí, ni pé kì í ṣe àmì márùn-ún ló wá. Ọ̀kan ló wá, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti máa ń pa òwe yìí, bíi pé àgbà ló gbọ́n jù ni. Lórí piste, ìyẹn ojú ọ̀nà tóóró tí a ti ń jà, ọmọdé ló gbọ́n jù. Mítà 14 péré ni gígùn ibẹ̀, kò sí àyè tí ẹ ó fi àmì tó ti lọ pamọ́ sí. Bí rẹfirí bá ti ní kí ẹ padà sẹ́yìn ìlà yín, kí èyí tó kọjá ti kọjá. Ẹ di àgbà nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni mo bá jà, ibo ló ti ń gún mi, kí ni mo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó gún mi? Mo mọ ọmọ kan tó kọ ọ́ fún ìdíje mẹ́ta tó wá rí i pé gbogbo ẹni tó ń gba àmì lára òun, ìgbà tí òun bá ń ṣẹ́ apá padà lẹ́yìn tí òun ti na ọwọ́ ni wọ́n ń rí òun mú. Olùkọ́ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún un látọdún tó kọjá o. Àfìgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ló tó gbọ́.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ nípa ọmọbìnrin yẹn. Mo bi í ìdí tó fi ń sunkún, nítorí 5 sí 4 kì í ṣe ìtìjú. Ó ní nígbà tó di 4 sí 4, òun gún ẹsẹ̀ alátakò òun, iná òun nìkan ló tàn, rẹfirí sì ti gbé ọwọ́ sókè láti fún òun. Àmọ́ ilẹ̀ ni idà òun gún, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kíláàbù wa kò ní piste onírin tó máa ń gba iná mọ́ra, nítorí náà bí ẹnu épée bá kan ilẹ̀ gbọ̀ngàn, iná á tàn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa tàn bó bá kan ènìyàn. Ojú rẹfirí nìkan ló kù. Ojú rẹfirí kò sì rí i. Ọmọ yìí gbé ìbòjú rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ ni.” Wọ́n fagi lé e, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, alátakò sì gba àmì tó kẹ́yìn.

Mi ò ní bò ó fún yín: ká ní ó dákẹ́ ni, ìjà mẹ́rin ló máa borí, ipò rẹ̀ ì bá sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe òtítọ́ ló gbé e débi tó dé lọ́jọ́ náà, àmì tó kó jọ ni. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo fún un lómi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà tí alátakò rẹ̀ yẹn wá gbé idà tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ wá fún mi lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lọ jókòó sí nígbà tó ń dúró, àwọn méjèèjì sì jọ pín bisikíìtì.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí iṣẹ́ mi báyìí. Idà méjì, wáyà ara méjì, gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá gbé idà tí kò ṣiṣẹ́ gorí piste, káàdì yẹ́lò ni. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, káàdì pupa, wọ́n á sì fún alátakò yín ní àmì tí kò bá yín jà fún. Ẹnu épée ní síkúrù méjì tí kò tóbi ju orí èèrà lọ. Gígún ló ń tú wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ dè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lórí ìlà níwájú mi, kí a má baà jọ máa fi orúnkún rìn kiri ilẹ̀ gbọ̀ngàn láti wá síkúrù. Ẹ má sì ká aṣọ tó rin fún òógùn mọ́ idà nínú àpò kan náà. Ìpẹtà á jẹ ẹ́.

Bí mo bá sì kọ idà yín nítorí pé ó ti sán, ẹ má bá mi ṣàròyé. Lọ́dún 1982, níbi ìdíje àgbáyé ní Róòmù, idà foil ẹni tó ń bá Vladimir Smirnov jà dá, ìyókù rẹ̀ tó mú sì gba inú àwọ̀n ìbòjú Smirnov wọlé. Ẹni tó gba wúrà ní Olympics 1980 ni Smirnov yìí o. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ irin tí wọ́n fi ń rọ idà, kí wọ́n sì mú ìbòjú àti aṣọ le sí i. Eré wa kì í sábà ṣe ènìyàn léṣe, ohun tó sì fà á ni pé àwọn bàbá tó ń dáni dúró sẹ́nu ọ̀nà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹfirí ńkọ́? Ní ìdíje kíláàbù, rẹfirí yín lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Á ṣèèṣì. Ohun tó bá ní òun fojú rí, ẹ má bá a jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n bó bá lo òfin sódì, ẹ lè bèèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ìjà tó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ máa gbé ẹ̀tọ́ yín mì. Ní Olympics London 2012, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló kù kí Shin A-lam, ọmọ South Korea, dé àṣekágbá épée àwọn obìnrin. Aago yẹn kò lọ bó ṣe yẹ, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún tún un bẹ̀rẹ̀, Britta Heidemann ará Jámánì sì gún un. Àwọn ará Korea pe ẹjọ́, Shin sì jókòó lórí piste pẹ̀lú omijé fún nǹkan bíi wákàtí kan, nítorí bó bá kúrò níbẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Wọn kò dá a láre. Ó tún padà wá jà fún ipò kẹta lọ́jọ́ náà, ó pàdánù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba fàdákà nínú ti ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ ó ka lẹ́tà yìí lójú ọ̀nà. Bí ọmọ yín bá wọ mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé “Ṣé o borí?” Ẹ bèèrè ẹni tó bá jà.

Ọmọkùnrin oníbòjú, bí o bá ń ka èyí, mo ti bá ọ wá àwọ̀n tuntun. Ó wà lọ́dọ̀ mi. Tètè dé kí a jọ dè é. Ẹni tó yá irin tí mo fi ń dè síkúrù, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ pupa, mo ṣì ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín ní ìdí tábìlì