Ohùn ti wọ inú sípíkà, Bàbá ti ń gbọ́ ìròyìn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Houston? Ìyá Ìbejì ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ alẹ́ yẹn ò tíì pọ̀ jù fún ẹ ṣá? Gbogbo wa wà dáadáa n'Íbàdàn níbí, ara àwọn òbí ẹ náà le, Màmá ní kí n kí ẹ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, mo ti kí ẹ o.

Ẹrù ti dé. Páálí hóòmù tíátà yẹn wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí èyí tó fọ́ níbẹ̀, sípíkà máàrún pé, súbúúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì, náà pé. Mo mọ̀ pé fídíò lò ń retí, màá fi ránṣẹ́, àmọ́ mo fẹ́ kọ bí mo ṣe so gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ torí wàá bá a nílé tó o bá dé ní Dìsẹ́ńbà, tẹ́nì kan bá sì lọ yọ wáyà nígbà tí mi ò sí nítòsí, ìwọ ni wọ́n máa pè láàárọ̀ kùtù pé tẹlifíṣọ̀n ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Iná ni mo kọ́kọ́ wò. Mo yí ẹ̀yìn rìsífà, àpótí tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, padà kí n tó fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá, mo sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: AC 120V, 60Hz. Iná tiwa 230V ni, tó bá wọ inú ẹ̀ tààrà, ó ti jóná nìyẹn. Mo gba Dùgbẹ̀ lọ, mo ra step-down transformer 1000W, èyí tó ń fa 230V wálẹ̀ sí 120V, torí agbára ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí tí rìsífà àti súbúúfà ń fà pa pọ̀ lọ dáadáa. Súbúúfà yẹn gan-an ló kù díẹ̀ kó dá wa lóró. Ó ní wáyà iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ sì ti mú un dání, wọ́n ti ń wá adaptor tí wọ́n máa fi kì í bọ ara ògiri, mo pariwo, wọ́n fi sílẹ̀. Jọ̀ọ́ má gbàgbé, inú transformer ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Mo ti fi tépù pupa wé orí wáyà wọn kẹ́nikẹ́ni má baà ṣì í ṣe.

Wáyà sípíkà gba sùúrù. Mo fi bíléèdì bó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lọ́ ọ pọ̀, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, torí tó o bá gbé ọ̀kan yí padà, sípíkà méjèèjì á máa ta ko ara wọn, báàsì á sì gbẹ. Mo rò pé mo ti parí, mo tan rìsífà, ó ró kẹ́ẹ́, ó kú, PROTECT ló kọ sójú. Àyà mi já. Mo tún tàn án, kẹ́ẹ́, ó kú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn ẹ̀, mo ń wo ihò wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ kí n tó rí i, fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bí irun orí, ó yọ jáde lára pupa sípíkà apá òsì, ó lọ fara kan dúdú. Mo yọ ọ́, mo tún un lọ́, mo tàn án, ó dúró. Rìsífà ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ni, bí ò bá kú ni, ì bá jóná.

Ibi tó gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wa ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wọn tún dìkódà ṣe ti ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́ kí n tó dé, mẹ́nù rìsífà ń hàn lójú ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohùn dìkódà ò kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, lọmọ yẹn bá ní ó ti bàjẹ́, kí Bàbá lọ ra tuntun. Kò bàjẹ́ o! Ihò tó kì í bọ̀ ni kì í ṣe tiẹ̀. HDMI mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan péré ni wọ́n kọ ARC sí lára, HDMI 2 ni nínú tiwa, lẹ́tà tíntìntín tí eruku ti bò. Àwọn ihò tó kù, wọn kàn ń gba àwòrán àti ohùn wọlé ni, wọn kì í dá ohùn padà. Èyí tí wọ́n kọ ARC sí nìkan ló ń jẹ́ kí ohùn inú tẹlifíṣọ̀n gba inú wáyà kan náà padà sínú rìsífà. Láti 2009 tí HDMI 1.4 ti jáde ló ti wà, èyí tí wọ́n ń pè ní eARC, tó ń gbé ohùn tó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, bá HDMI 2.1 dé ní 2017. Lẹ́yìn rìsífà náà, HDMI OUT tó ní ARC ni kó o lò, má ki í bọ àwọn IN.

Tó o bá ti so ó tán, wọ settings tẹlifíṣọ̀n, kó o tan CEC, èyí tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti rìsífà máa darí ara wọn gba inú wáyà HDMI, torí láìsí i ARC kì í sábà jí. Orúkọ tó wù wọ́n ni wọ́n ń pè é o, LG ń pè é ní Simplink, Samsung ní Anynet+, Sony ní Bravia Sync, nǹkan kan náà ni. Lẹ́yìn náà kó o lọ síbi sound output, kó o mú HDMI ARC. Bí mo ṣe tẹ OK báyìí ni ohùn fò kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n bọ́ sínú sípíkà, Màmá pariwo láti kíṣìnnì. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn àna ẹ l'Ọ́yọ̀ọ́ tó ti pẹ́, tí kò ní ARC, wáyà optical ni kó o lò, ihò ẹ̀ kékeré ni, iná pupa á máa tàn nínú ẹ̀, ṣáà rí i pé o yọ ọ̀rá tí wọ́n fi dé orí wáyà yẹn kúrò kó o tó kì í.

O lè fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò so dìkódà mọ́ rìsífà. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ yín, àmọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, orí ínfátà nilé yín ń wà mọ́jú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní láti tan rìsífà àti transformer kí wọ́n tó lè wo nǹkan. Ara tẹlifíṣọ̀n ni mo so dìkódà mọ́, òun nìkan lè ṣiṣẹ́ tí iná ò bá sí.

Etí Bàbá ló jẹ mí lógún jù. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé ohùn dé 60, tí ará ilé kejì á máa bá wa gbọ́ ìròyìn, síbẹ̀ wọ́n á tún bi Màmá pé kí ló wí? Ariwo ń bẹ, ọ̀rọ̀ ni ò yé wọn. Ẹ̀yìn ni sípíkà tẹlifíṣọ̀n yẹn kọjú sí, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Sípíkà àárín lohun tí mo gbójú lé, àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ tan ìròyìn, ó dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀nà méjì péré ni ohùn ìròyìn ń gbà wọlé, òsì àti ọ̀tún, kò sí ti àárín níbẹ̀, rìsífà ló máa fa ọ̀rọ̀ ẹnu yọ nínú méjèèjì kó tó fún un. Mo tẹ bọ́tìnnì Surround títí tó fi kọ Dolby Surround, ó jí. Mo gbé ti àárín sókè pẹ̀lú 3 dB, mo fa súbúúfà wálẹ̀ torí báàsì máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fẹ́ni tí etí ẹ̀ ò mú mọ́. Ti fíìmù yàtọ̀ ṣá, inú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti yí digital sound kúrò ní PCM sí Auto, PCM yẹn ọ̀nà méjì nìkan ló ń dá padà.

Nígbà tó di alẹ́, Bàbá jókòó sórí àga wọn, ẹni tó ń ka ìròyìn ní ẹ kú alẹ́ o, Bàbá dá a lóhùn pé ẹ kú alẹ́. Wọ́n wá mú rìmóòtù, wọ́n fa ohùn wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, wálẹ̀ o! Màmá wò mí, èmi náà wò wọ́n, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan ló kù. Wáyà tó wà nínú páálí ò gùn tó dé ẹ̀yìn àga, orí ilẹ̀ ni ti sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì gbà kọjá báyìí, mi ò fẹ́ kó kọ́ Màmá lẹ́sẹ̀. Bá mi mú wáyà sípíkà 16 gauge, ẹsẹ̀ bàtà 100, bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, màá gbà á gba ẹsẹ̀ ògiri. Kí Ìyá Ìbejì fún mi.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ n'Íbàdàn