Ọpẹ́ wa sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbọ́ orin tuntun náà ní Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa ìyàwó, àbúrò, ọmọ àti ọmọ-ọmọ Bàbá kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ọ̀tùn, Ìkọ̀lé àti òkè òkun, tí ẹ bá wa ṣọpẹ́ 80 ọdún wọn. Ẹni tí iyán bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó dé, kó foríjì wá.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè ohun tí ọ̀gá akọrin sọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó wà lábẹ́ kánópì kò gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Orin tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ rí. Apá mẹ́ta ló ní, Sáàmù 103 sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́: “Fi ìbùkún fún Olúwa.” Bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, re dò dò mí mí re mí re ni. Sópúránò, ohùn obìnrin tó ga jù, lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀dọ̀ báàsì, ohùn ọkùnrin tó wálẹ̀ jù, ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Nínú orin tí wọ́n tò bíi ti òyìnbó, bí sópúránò bá ń gòkè, báàsì a sábà máa sọ̀ kalẹ̀, kí ohùn wọn lè dùn pọ̀. Bí báàsì bá wá sọ̀ kalẹ̀ lórí “kún fún”, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń kọ nìyẹn. Olóògbé T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé kí orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Nínú apá kìíní, álítò, ohùn obìnrin ti ìsàlẹ̀, ń tẹ̀ lé sópúránò ní ohùn kẹta nísàlẹ̀ (bíi láti mí sí dò), wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ ní ó ṣàjèjì sí yín, bí Èkìtì ṣe ń gbe orin nìyẹn kí ìwé orin tó dé. Ohùn kan ni tiyín. Apá kejì ni ibi tí ohùn ti ń lé ara wọn: ténọ̀, ohùn ọkùnrin ti òkè, á bẹ̀rẹ̀, álítò á gba orin yẹn kan náà ní ohùn karùn-ún sókè (bíi láti dò sí sọ), báàsì á tẹ̀ lé e, sópúránò á kẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí òkè àti ilẹ̀ orin náà kò yí padà, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́. Orí “Àmín” tí wọ́n fà gùn nìkan ni báàsì ti gba ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe ọ̀rọ̀ náà tán.

Ẹ̀yin akọrin 64, a dúpẹ́: sópúránò 22, álítò 18, báàsì 13, ténọ̀ 11. Ténọ̀ ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo, kì í ṣe Adó nìkan. Bí wọn kò bá pọ̀, wọ́n á máa pariwo, ohùn wọn á há kí apá kẹta tó dé. Ìdí tí ẹ fi rí wọn láàárín gbùngbùn nìyẹn, tí àwọn álítò olóhùn ìsàlẹ̀ sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Níbi tí kò sí dùùrù, ohùn a máa jábọ́ díẹ̀díẹ̀ láìfura, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ti mí bọ̀ sí re. Bí dùùrù bá padà wọlé, àṣírí á tú. Àbúrò wa tó wà nídìí kíbọọ̀dù ń fi ohùn báàsì jẹ́jẹ́ tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó gbé ínfátà wá náà kú iṣẹ́, nítorí bí iná bá ṣẹ́jú péré nígbà tí wọ́n ń yí sí jẹnẹrétọ̀, kíbọọ̀dù á kú, á tún gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin onílù, òjò tó ṣú mú awọ gángan rọ̀, ẹ sì tètè yá a níná. Ẹ̀yìn báàsì la fi yín sí, kì í ṣe ìwọ̀sí: gángan náà ń sọ̀rọ̀, bó bá wà níwájú, tirẹ̀ nìkan la ó gbọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa ní ìlà iwájú, tí a bẹ̀ pé kí ẹ wé gèlè pẹlẹbẹ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, tí ẹ sì gbà, ẹ ṣeun. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah, orin ńlá ti Handel, ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1742, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì líle tó ń na aṣọ wọn fẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì fi idà sílẹ̀, kí àyè lè gba èèyàn sí i. Èyí tó wú wa lórí jù ni pé ẹ dá owó níná fún akọrin dúró títí orin fi parí. Ẹni kan ṣoṣo tó bá dúró níwájú akọrin ti bo ọwọ́ ọ̀gá wọn mọ́lẹ̀, apá kejì kò sì ṣeé kọ láìrí ọwọ́ yẹn. Ayọ̀ la ó máa fi san án fún ara wa.

Ìwé sọ́lúfà mélòó kan kò tíì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé Bàbá. Ẹgbẹ́ akọrin tó bá fẹ́ kọ orin náà, kó wá gba odidi ẹ̀dà. Ẹ má ṣe fọ́tòkọ́pì ojú ìwé sópúránò nìkan, torí àmì ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé kò sí níbẹ̀.