Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí ọmọ ẹṣin tí ó di òrukàn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àfẹ́kù abo ẹṣin rẹ. Ó dára púpọ̀ pé ọmọ náà ti rí wàrà àkọ́kọ́ mu kí ìyá rẹ̀ tó kú, nítorí pé àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn nínú wàrà yẹn kì í lè gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹṣin mọ́ bí ó bá ti lo nǹkan bíi wákàtí 24 láyé. O bi mí bóyá kí o máa dá tọ́ ọ nínú ilé ni, tàbí kí o mú un lọ bá àwọn ẹṣin yòókù. Tèmi ni pé kí o mú un lọ, kí o má sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù.

Ọmọ ẹṣin tí ó jẹ́ pé ènìyàn nìkan ni ó ń rí a máa ka ènìyàn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò máa gé ènìyàn jẹ, yóò máa fi ẹsẹ̀ iwájú gun èjìká olúwarẹ̀, a ó sì máa fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé ó kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ẹṣin tí ó wúwo tó kílò 500, eré yẹn kan náà lè ṣẹ́ egungun ìhà. Àwọn àgbà ẹṣin kì í fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, agbo sì ni ilé ẹṣin.

Nínú agbo, gbogbo wọn ló mọ ẹni tí ń ṣáájú dé ìdí koríko àti omi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàyè ń jẹ nínú ipò ìyá náà, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lé e yóò kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Òrukàn kò ní ẹni tí a ó wo ojú rẹ̀. Bí ó bá sì lọ wá ọmú lábẹ́ abo tí ó ní ọmọ tirẹ̀, abo náà yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò mọ̀ pé àlejò ni, yóò sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè. Nítorí náà, kọ́ ọ láti máa mu wàrà nínú garawa, kí o sì ṣe àyè tóóró kan sára ọgbà, tí òun nìkan lè gbà wọlé lọ mu ún.

Má fi í sáàárín gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀: akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, tàbí abo tí ó ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí, kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbóòórùn ara wọn láti ìhà méjèèjì ọgbà. Akọ tí a kò tẹ̀ ní tirẹ̀, jẹ́ kí ó jìnnà o. A ti rí èyí tí ó pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, wo ẹnu ọmọ náà dáadáa. Yóò na ọrùn síwájú, yóò fa igun ẹnu sẹ́yìn, yóò sì máa la ẹnu, kí ó tún pa á dé, léraléra, bí ẹni ń jẹ ohun tí kò sí lẹ́nu. Ó ń sọ pé ọmọdé ni òun nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bẹ̀ náà ń wọ àgbà létí. Àgbà lè pa etí mọ́ orí, kí ó na eyín sí i láìgé e jẹ; ọmọ yóò fò sẹ́yìn, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún rọra padà wá. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ sáré wọlé lọ gbà á sílẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyíkéyìí bá ń lé e láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ó há a mọ́ igun tí ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ta á nípàá, mú un jáde kíákíá.

Wàá mọ̀ pé wọ́n ti gbà á nígbà tí ó bá lè dùbúlẹ̀ gbalaja sùn, tí ẹlòmíràn dúró tì í, tí wọ́n sì jọ ń fi eyín họ ara wọn níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí a bá ń họ ẹṣin níbẹ̀, lílù ọkàn rẹ̀ máa ń dínkù.

Kí o tó ṣí ọgbà, jọ̀wọ́ dí igun tí ó bá há nínú pápá, kí o sì pín koríko sí ojú ibi tí ó ju iye àwọn ẹṣin lọ. Kọ̀wé sí mi nípa ìwà akọ àgbà tí a ti tẹ̀ lọ́dàá tí o ní yẹn, pàápàá bí ó ṣe ń ṣe nídìí oúnjẹ, kí n lè sọ bóyá òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá a gbé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Dàpọ̀