Onígbáméjì ti pààrọ̀ aṣọ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí onígbáméjì, ó dáa, àmọ́ ẹ ò sọ pé kòkòrò tó ń fà á máa ń yí padà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irú ẹ̀ ju 200 lọ, àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní O1 àti O139 nìkan ló ti dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀, O139 ọ̀hún, 1992 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní Íńdíà. Kòkòrò yìí tún máa ń kó ọgbọ́n lára kòkòrò míì tóògùn ò fi ní ràn án, ìdí nìyẹn tí kápúsù tetracycline táwọn èèyàn ń sáré rà ní kẹ́mísì ò fi ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Àwọn kọsítọ́mà mi ń fi omi kànga tútù mu gàárì, wọ́n ní kíkan ẹ̀ á pa kòkòrò (ẹ gbọ́ ìyẹn!). Ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà pé ká se omi ká tó mu ún.

Èmi ìyá onígàárì,
Ìjẹ̀bú-Òde