Ìkéde fún àwa olùyọ̀ǹda panápaná, Kubwa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Ọ̀rọ̀ sáírẹ̀n ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gbé iná pupa sórí Corolla rẹ̀, ó ń han gooro lọ bí ọkọ̀ mínísítà. Ìyá kan tó gbé igbá mọ́ínmọ́ín sórí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá. Nígbà tó máa débẹ̀, koríko ni wọ́n ń sun!

Láti òní lọ, a ò fẹ́ rí sáírẹ̀n lórí mọ́tò ara ẹni mọ́. Ọkọ̀ panápaná ìjọba ló ni ín. Bí iná bá ṣẹ́yọ, ẹ kọ́kọ́ pe 112, kí ẹ tó wọ bàtà. Iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì kò yọ wá sílẹ̀, ẹ dúró. Ẹ kó àwọn sáírẹ̀n àti iná pupa orí mọ́tò yín yẹn wá sípàdé ọjọ́ Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́.

Akọ̀wé